Bí a ṣe ń béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fún iṣẹ́ àdúgbò: ẹ bá wa dá sí i

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ẹgbẹ́ olùgbé àdúgbò wa fẹ́ tún gbọ̀ngàn àdúgbò ṣe. Òrùlé rẹ̀ ń jò, àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè wọlé. Ìjọba ìbílẹ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ wà fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, wọ́n sì ti gbé fọ́ọ̀mù jáde, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti kọ irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn kan ní kí a tètè kọ ọ́ kí gbèdéke tó kọjá. Àwọn mìíràn ní kí a kọ́kọ́ ṣe ìpàdé. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti kọ ọ́ rí, àti ẹ̀yin tí ẹ ti wà lára àwọn tó ń yẹ ìwé náà wò, pé kí ẹ sọ ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ fún wa, àti ohun tó máa ń mú kí wọ́n pa ìwé ẹgbẹ́ kan tì.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sínú fọ́ọ̀mù, ẹ ka ìwé ìlànà tó bá a jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó má sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kà á. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí irú ẹgbẹ́ tí wọ́n lè fún lówó, irú iṣẹ́ tí owó náà wà fún, iye tó pọ̀ jù lọ tí ẹ lè béèrè, àti àwọn ohun tí wọn kò ní náwó lé lórí rárá. Ọ̀pọ̀ irú owó báyìí wà fún kíkọ́ nǹkan tàbí ríra ohun èlò nìkan. Kò wà fún owó oṣù, owó iná tàbí ìtọ́jú ojoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì í ti iṣẹ́ ìsìn tàbí ti òṣèlú lẹ́yìn. Bí iṣẹ́ yín kò bá sí lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí bí ọ̀rọ̀ dídùn ṣe lè mú un wọ inú rẹ̀, ẹ ó kàn fi àkókò ṣòfò ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹgbẹ́ yín fúnra rẹ̀. Owó ìlú ni owó yìí, ẹni tó ń fúnni yóò jíhìn rẹ̀ fún àwọn ayẹ̀wéowówò, nítorí náà ẹgbẹ́ tó ní òfin tí a kọ sílẹ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́ fún. Ìwé òfin náà kò ní láti gùn. Kí ó ti sọ orúkọ ẹgbẹ́, ìdí tí a fi dá a sílẹ̀, bí ènìyàn ṣe lè di ọmọ ẹgbẹ́, bí a ṣe ń yan àwọn olóyè, iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ wà ní ìpàdé kí ìpinnu tó lè múlẹ̀, bí a ṣe ń tọ́jú owó, àti ibi tí ohun ìní ẹgbẹ́ yóò lọ bí ẹgbẹ́ bá túká. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, òun sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń wá, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ohun tí wọ́n fi owó ìlú rà di ti ẹnì kan lọ́la.

Ẹ rí i pé àkáǹtì báǹkì wà ní orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ní orúkọ alága, kí ó sì ní ó kéré tán olùbuwọ́lù méjì tí wọn kì í ṣe tọkọtaya, tí wọn kò sì jọ ń gbé ilé kan náà. Ẹ jẹ́ kí ìpàdé gbogbogbòò fọwọ́ sí i pé ẹ fẹ́ béèrè owó náà, kí àkọsílẹ̀ ìpàdé fi orúkọ àwọn tó wá hàn, kí alága àti akọ̀wé sì buwọ́ lù ú. Nítorí náà, àwọn tó ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ìpàdé ló tọ̀nà.

Ọmọ Ìgbìmọ̀

Mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú ìwé wọ̀nyí wò, ó sì wù mí kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ bí ó ṣe ń rí níbẹ̀. Ìwé máa ń pọ̀, àkókò kì í tó, olúkúlùkù aṣàyẹ̀wò sì ní ìwé máàkì tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nínú fọ́ọ̀mù ló ní iye máàkì tó wà fún un. Ẹgbẹ́ tó bá kọ ojú ewé méjì nípa ìtàn ara rẹ̀, tí kò sì dáhùn ìbéèrè tó ní kí ó sọ ẹni tí yóò máa tọ́jú iṣẹ́ náà bí ó bá parí, òdo ni yóò gbà níbẹ̀, bó ti wù kí ìtàn rẹ̀ dára tó. Bí wọ́n bá ti kéde bí máàkì ṣe pín, ẹ gbé e síwájú yín bí ẹ ti ń kọ̀wé, kí ẹ sì lo agbára yín níbi tí máàkì bá pọ̀ sí.

Ẹ̀rí ni ó tẹ̀ lé e. Kí ẹnì kan sọ pé gbọ̀ngàn ti bàjẹ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ẹ sọ apá ibi tí òrùlé ti ń jò àti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ àwọn ẹgbẹ́ tó ń lo gbọ̀ngàn náà, iye ènìyàn tó ń wọ ibẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, àti àwọn ètò tí ẹ ti fagi lé nítorí òjò. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yà á sí i. Ẹ lọ bá àwọn olùgbé sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé, pàápàá àwọn tí kì í wá sí ìpàdé yín, nítorí pé ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ máa ń bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé gbogbo àdúgbò ló fẹ́ iṣẹ́ yìí, àbí àwọn ènìyàn díẹ̀ tó ń darí ẹgbẹ́? Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá sì ti ní ìwé ètò ìdàgbàsókè tó mẹ́nu ba irú ìṣòro yín, ẹ tọ́ka sí ibi tó wà nínú rẹ̀. Ó máa ń ṣòro fún ìjọba láti sọ pé ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ sílẹ̀ kò ṣe pàtàkì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi iṣẹ́ rọ́pò èrè iṣẹ́. Òrùlé tuntun jẹ́ iṣẹ́. Èrè rẹ̀ ni pé àwọn àgbàlagbà yóò lè máa pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ ní ìgbà òjò, pé àwọn ọmọ ilé ìwé yóò ní ibi tí wọn yóò ti máa kàwé ní ìrọ̀lẹ́, pé ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ yóò wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e. Ìjọba kò fẹ́ ra páànù. Ìyípadà tí páànù náà yóò mú bá ìgbé ayé àwọn ènìyàn ni wọ́n ń náwó lé. Kí ẹ sọ bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ìyípadà náà ti dé: iye àwọn tó ń wá nísinsìnyí, iye tí ẹ ń retí lẹ́yìn ọdún kan, àti ẹni tí yóò máa kà á.

Nípa ìwé àtìlẹ́yìn, ìwé mẹ́wàá tó ní ọ̀rọ̀ kan náà, tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ló yàtọ̀, kò tó ìwé kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ mìíràn fi sọ pé bí òrùlé bá ti dára, àwọn yóò máa lo gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, àwọn yóò sì máa san owó ìlò. Ìwé bẹ́ẹ̀ fi hàn pé àwọn ènìyàn nílò rẹ̀, ó sì tún fi ibi tí owó ìtọ́jú yóò ti máa wá hàn.

Ohun tó kù ni ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ìwé tó dára gan-an kùnà: ta ló ni ilé náà? Bí kì í bá ṣe ti ẹgbẹ́ yín, ẹ gba ìyọ̀ǹda onílé ní kíkọ sílẹ̀, kí ìwé àdéhùn ìyálégbé sì ní ọdún tó pọ̀ tó lára. Kò sí ìjọba tí yóò fẹ́ tún òrùlé ilé tí onílé lè gbà padà lọ́dún tó ń bọ̀ ṣe. Bí iṣẹ́ náà bá nílò ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kí ẹ tó béèrè owó, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ bá a dé.

Akápò

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ètò ìnáwó, nítorí pé òun ni àwọn aṣàyẹ̀wò máa ń kọ́kọ́ ṣí wò, mo sì gbà pé ojú ewé yẹn nìkan lè sọ fún wọn bóyá ẹgbẹ́ náà mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ kọ ohun kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀. Ẹ má kọ pé àtúnṣe òrùlé jẹ́ iye báyìí lápapọ̀. Ẹ ya páànù, igi, ìṣó, owó iṣẹ́ káfíńtà, owó ọkọ̀ àti owó kíkó ìdọ̀tí kúrò sọ́tọ̀, kí ẹ kọ iye tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti iye tí ẹ ó rà. Ìwé ìlànà sábà máa ń béèrè ìwé iye owó láti ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ rí i pé gbogbo wọn díyelé iṣẹ́ kan náà, pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí bí a ṣe lè fi wọ́n wé ara wọn. Ẹ kò sì ní láti mú èyí tó kéré jù. Ẹ lè mú òmíràn, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan tàbí méjì.

Ẹ fi owó fún ohun àìròtẹ́lẹ̀ sí i. Láàárín 5 sí 10 nínú 100 ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sí iṣẹ́ ìkọ́lé, tí ìwé ìlànà bá gbà á láyè. Ẹ rántí pé oṣù púpọ̀ lè wà láàárín ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, ọjà sì lè gbówó lórí. Ẹ bi agbaṣẹ́ṣe bí iye tó kọ yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó yí padà. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá owó orí wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn tí kò bá yín ṣe é tún gbogbo ìṣirò náà ṣe. Bí àròpọ̀ inú ètò ìnáwó bá yàtọ̀ sí iye tí ẹ kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù, ìgbẹ́kẹ̀lé tí ẹ ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ yín kọ́ yóò yẹ̀ lójú ẹni tó ń kà á.

Ohun méjì ló tún wà tí ó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó owó náà. Èkíní, ṣé wọ́n máa ń san owó ṣáájú iṣẹ́ ni, àbí ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ ná an, tí wọn yóò sì dá a padà nígbà tí ẹ bá mú rìsíìtì wá? Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ ó ti rí owó lò kí tiwọn tó dé. Èkejì, ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìpinnu wọn tó jáde? Èsì tí ẹ ó sábà gbọ́ ni pé rárá, nítorí pé owó ìrànwọ́ kì í sábà san gbèsè ohun tí a ti ṣe kọjá. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ìtara mú kí ẹ ra páànù sílẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìwé ìlànà wa sọ pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mú apá kan nínú owó náà wá. A kò ní owó lápò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n káfíńtà àti àwọn akunlé wà láàárín wa tí wọ́n ti sọ pé àwọn yóò ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé èyí lè dúró fún owó?

Akápò

Ó lè dúró fún un, bí ìlànà bá gbà á, ọ̀pọ̀ ló sì gbà á. Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá owó kan sílẹ̀ ní 1988 fún iṣẹ́ àdúgbò, tí àdúgbò náà gbọ́dọ̀ mú ìpín tirẹ̀ wá; ṣùgbọ́n wákàtí tí àwọn ènìyàn fi ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ohun èlò tí a fi ta wọ́n lọ́rẹ, àti iṣẹ́ àwọn amọṣẹ́dunjú tí kò gba owó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ ìpín náà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ẹ ṣe díyelé e. Wákàtí káfíńtà tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ni a ń kà ní iye tí káfíńtà ń gbà. Bí káfíńtà kan náà bá ń gbálẹ̀, iye tí a ń san fún agbálẹ̀ ni kí ẹ kọ. Àwọn ìjọba kan ní iye tiwọn tí wọ́n ti là kalẹ̀ fún wákàtí kan, ní Amẹ́ríkà sì rèé, àjọ Independent Sector máa ń gbé iye tí wákàtí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó jáde lọ́dọọdún. Ẹ bi ìjọba ìbílẹ̀ yín èyí tí wọ́n ń lò. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti ṣí ìwé kan tí olúkúlùkù yóò máa buwọ́ lù: orúkọ, ọjọ́, iṣẹ́ tó ṣe, wákàtí tó lò. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò bá sí ní àkọsílẹ̀, ìjọba kò ní kà á sí nǹkan kan.

Ọmọ Àdúgbò

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ẹ wá káńsílọ̀ àdúgbò yín lọ. Bí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, ìwé yín yóò wà nísàlẹ̀ òkìtì.

Ọmọ Ìgbìmọ̀

Mo gbà pé kí ẹ lọ sọ fún káńsílọ̀, kí ó wá wo òrùlé náà fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ ìwé àtìlẹ́yìn bí ó bá wù ú. Aṣojú yín ni, ẹ̀tọ́ yín sì ni. Ṣùgbọ́n bí káńsílọ̀ náà tàbí ìbátan rẹ̀ bá jẹ́ olóyè nínú ẹgbẹ́ yín, tàbí bí agbaṣẹ́ṣe tí ẹ yàn bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n akápò, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba, kí ẹni náà sì yẹra nígbà tí a bá ń ṣe ìpinnu. Ohun tí ẹ bá fúnra yín sọ kì í sábà dí yín lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n bá wá rí lẹ́yìn tí owó ti jáde ni ó lè mú kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ padà. Èmi yóò tún sọ pé òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ètò náà wúlò fún yín ju káńsílọ̀ lọ. Ẹ pè é, ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ yín ní ṣókí, kí ẹ bi í bóyá ó bá ètò wọn mu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáhùn, inú rẹ̀ yóò sì dùn láti sọ fún yín nísinsìnyí ju kí ó ka ìwé tí kò yẹ lọ.

Olùgbé Ìlú Ńlá

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ìgbìmọ̀ ti ń pinnu o. Láti ìgbà tí ìlú Porto Alegre ní Brazil ti bẹ̀rẹ̀ ní 1989 sí í jẹ́ kí àwọn olùgbé fúnra wọn pinnu ohun tí a ó fi apá kan owó ìlú ṣe, ọ̀pọ̀ ìlú ló ti mú irú ètò bẹ́ẹ̀ lò; New York bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2011, Paris ní 2014. Bí ti yín bá jẹ́ irú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ náà ṣeé ṣe àti iye tí yóò ná wọn, lẹ́yìn náà ni àwọn ará ìlú yóò dìbò. Níbẹ̀, ìwé tó dára kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ jáde lọ bá àwọn ènìyàn, kí ẹ ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ní àwọn ibòmíràn, àwọn tí kò tíì tó ọjọ́ orí ìdìbò gbogbogbòò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò nínú irú èyí.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ní England, fún àpẹẹrẹ, apá kan nínú owó Community Infrastructure Levy tí àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun ń san máa ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àdúgbò tí wọ́n ti kọ́lé náà: 15 nínú 100, pẹ̀lú òdiwọ̀n kan tí kò gbọdọ̀ kọjá, tàbí 25 nínú 100 níbi tí àwọn olùgbé bá ti dìbò gba ètò ìdàgbàsókè àdúgbò tiwọn. Ẹ béèrè bóyá irú àpò bẹ́ẹ̀ wà níbi tiyín tí kò sí nínú ìkéde tí ẹ rí.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un nípa ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí pé bí ẹ bá ṣe lo owó àkọ́kọ́ ni yóò pinnu bóyá wọn yóò fún yín ní òmíràn. Ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, kí ẹ sì ya àkọsílẹ̀ owó yìí sọ́tọ̀ kúrò lára owó ẹgbẹ́ yòókù. Bí ohun kan bá yí padà, bóyá páànù tí ẹ kọ kò sí mọ́ tàbí iṣẹ́ yóò pẹ́, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn, kí ẹ sì dúró de èsì tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ìlérí orí fóònù kò tó. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dá a padà, àyàfi bí wọ́n bá sọ pé kí ẹ lò ó.

Bí wọn kò bá fún yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè máàkì yín àti ibi tí ẹ ti kùnà. Wọ́n máa ń sọ ọ́, ẹ ó sì rí i pé ó sábà jẹ́ ohun tí a lè tún ṣe kí ìgbà mìíràn tó dé.

Olùbéèrè

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí gbèdéke pé. A ní ìwé òfin, ìyọ̀ǹda onílé sì wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a kò ní àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́, iye tí wọ́n sì lè fún wa kò tó fún òrùlé àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara tí a fẹ́ ṣe sẹ́nu ọ̀nà pọ̀. Kí ni kí a ṣe?

Akápò

Ní ti àkáǹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè má tó láti ṣí i. Ẹ wá ẹgbẹ́ kan tó ti fìdí múlẹ̀, tó sì ní àkáǹtì àti ìṣirò tí a ti yẹ̀ wò, kí ó gba owó náà lórúkọ yín. Ọ̀pọ̀ ìlànà gba èyí láyè. Ẹ kọ àdéhùn láàárín yín tó sọ bí wọn yóò ṣe tètè san owó fún agbaṣẹ́ṣe, ẹni tí yóò kọ ìjábọ̀, àti bóyá wọn yóò yọ owó díẹ̀ fún iṣẹ́ wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ti yín lọ́wọ́ kan náà.

Ní ti iṣẹ́ méjèèjì, ẹ pín in sí ìpele. Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nítorí pé bí òjò bá ṣì ń wọlé, yóò ba ilẹ̀ àti ògiri jẹ́, iye tí ẹ ó ná yóò sì máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀nà kẹ̀kẹ́ hàn nínú ìwé yín gẹ́gẹ́ bí ìpele kejì, pẹ̀lú iye owó rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti ń wá a, kí ìgbìmọ̀ lè rí i pé ẹ kò gbàgbé àwọn tí kò lè wọlé.

Ọmọ Ìgbìmọ̀

Mo fara mọ́ ọn, àyàfi bí ìwé máàkì yín bá fún ìráyèwọlé àwọn aláàbọ̀ ara ní máàkì púpọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́ náà lọ́la, kí ẹ bi í bóyá ẹ lè béèrè fún ọ̀nà kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú apá òrùlé tó bàjẹ́ jù nìkan, kí ẹ sì fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àwọn káfíńtà yín dí ohun tó bá kù.